Kí A Tó Ta Àwọn Ẹ́ńjìnì Àtijọ́ bí Irin Àlòkù

Kò sí ìlú kan ní ilẹ̀ Èkìtì tí a tẹ́ ojú irin dé. Láti Ayédé dé Ìkọ̀lé, láti Ọ̀yẹ́ dé Ìdó, kò sí ibi tí ọmọdé ti lè dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà kí ó máa wo ọkọ̀ ojú irin bí ó ti ń kọjá. Nítorí náà, yóò ya àwọn òǹkàwé wa kan lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì eléèédú àtijọ́, àti ti afárá irin àyípo tí a fi ń yí wọn padà, ni a gbé sí ojú-ìwé yìí lónìí. Wọn yóò bi wá pé: kí ni ó kan ará Ayédé nínú irin tí ó ń dógùn-ún ní Èbúté Mẹ́ta? Ìdáhùn wa ni pé ó kàn án púpọ̀, a ó sì gbìyànjú láti fi ìdí rẹ̀ hàn.

Ní 1886 ni Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà tí ó dá ogun Kírìjì dúró. Ní 1896, ọdún mẹ́wàá péré lẹ́yìn náà, ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ ojú irin wọ inú ilẹ̀ Yorùbá. Ní March 1901, ojú irin náà ti dé Ìbàdàn. Ní 1907 ó dé Òṣogbo. Ní 1909 ó dé Jẹ́bà ní etí odò Ọya. Nígbà tí a sì parí afárá Jẹ́bà ní 1916, ọkọ̀ lè gbéra ní Èkó kí ó gúnlẹ̀ sí Kánò láìsí pé a tún ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé e sọdá. Bí a bá ro iye ọdún wọ̀nyí papọ̀, a ó rí i pé ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gbé ìbọn ní Kírìjì lè wà láàyè, kí agbára sì wà nínú rẹ̀, láti ru ẹrù lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin ní Òṣogbo.

Àwọn ènìyàn Èkìtì apá àríwá mọ ohun tí ogun ń ṣe. Ayédé fúnra rẹ̀, ìlú tí Ata Èṣùbíyìí tẹ̀ dó ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun ni ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ sí ojú kan. Kí ojú irin tó dé, ọ̀nà tí ó lọ sí etí òkun jẹ́ ọ̀nà ìbẹ̀rù; ẹni tí ó bá rìn ín dé ilé a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn tí ojú irin dé Òṣogbo, ìlú náà di ẹnu ọ̀nà tí Èkìtì ń gbà jáde sí ayé. Ibẹ̀ ni a ń gbé ọjà oko lọ. Ibẹ̀ ni iyọ̀, epo òyìnbó, aṣọ, páànù àti ìwé ti ń wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Èkìtì tí ó kọ́kọ́ lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó, tàbí tí ó lọ kàwé ní ọ̀nà jíjìn, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn dé ibi tí ọkọ̀ ojú irin wà, kí wọ́n tó jókòó. Kì í ṣe òótọ́, nígbà náà, pé ojú irin kò kan Èkìtì. A kò tẹ́ ẹ dé ọ̀dọ̀ wa ni, ṣùgbọ́n àwa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ohun tí a ń sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé òde òní kò rí i rí. Ẹ́ńjìnì eléèédú kò ju ìkòkò ńlá lọ tí a dì mọ́ orí kẹ̀kẹ́ irin. A ń da èédú sí inú iná rẹ̀, omi inú ìkòkò náà ń hó, ooru omi tí a sé mọ́ ibẹ̀ sì ń wá ọ̀nà àbájáde. Agbára ooru yìí ni ó ń ti ọ̀pá irin síwájú sẹ́yìn, tí ọ̀pá irin náà sì ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Awakọ̀ kan kò lè dá wà á: ẹnìkan ń di ọkọ̀ mú, ẹnìkejì ń koná. Omi kò gbọ́dọ̀ tán, iná kò gbọ́dọ̀ kú, bẹ́ẹ̀ ni ooru kò gbọ́dọ̀ pọ̀ jù. Iṣẹ́ tí ó gba ọgbọ́n, sùúrù àti ìgboyà ni, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa sì kọ́ ọ, wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ́ńjìnì yìí ní iwájú, ó sì ní ẹ̀yìn. Bí ó bá dé òpin ìrìnàjò, ó lè fi ẹ̀yìn rìn padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n awakọ̀ kì í ríran dáadáa, kò sì bójú mu láti wa èrò bẹ́ẹ̀ lọ ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbẹ́ kòtò róbótó, tí wọ́n ń mọ ògiri yí inú rẹ̀ ká, tí wọ́n sì ń gbé afárá irin kan lé orí òpó tí ó wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀. Ẹ́ńjìnì yóò gun orí afárá náà, awakọ̀ yóò sì rọra sún un síwájú sẹ́yìn títí ìwúwo rẹ̀ yóò fi dọ́gba ní ìhà méjèèjì. Nígbà náà, ènìyàn díẹ̀ yóò ti ọ̀pá tí ó yọ jáde ní etí afárá, ohun tí ọgọ́rùn-ún ọkùnrin kò lè gbé yóò sì máa yí bí ọlọ. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ yóò mọ̀ pé kò sí àpẹẹrẹ ìdọ́gba ìwúwo tí ó dára ju èyí lọ. Nígbà tí ẹ́ńjìnì oní-dísù dé, èyí tí a lè wà láti ìhà méjèèjì, afárá àyípo kò wúlò mọ́, a sì pa wọ́n tì.

Ọ̀ràn kejì tí ó kan Èkìtì nìyí. Ìrè-Èkìtì kò jìnnà sí Ayédé. Inú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ni ó mọ̀ pé Ìrè ni ìlú Ògún. Kì í ṣe àwa nìkan ni a mọ èyí: àwọn awakọ̀ àti àwọn alágbẹ̀dẹ tí ó ṣiṣẹ́ rélùwéè mọ̀ ọ́n pẹ̀lú, wọn kò sì kó iṣẹ́ irin ìgbàlódé kúrò lábẹ́ ọlá Ògún. Bí òyìnbó bá gbé ẹ́ńjìnì wá láti ìlú rẹ̀, ọmọ Yorùbá rí i, ó sì sọ pé irin ni, mo sì mọ ẹni tí ó ni irin. Yálà ènìyàn jẹ́ onígbàgbọ́, mùsùlùmí tàbí ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, ohun kan ni èyí fi hàn wá: àwọn bàbá wa kò gba ẹ̀rọ náà bí ohun àjèjì tí ó borí wọn. Wọ́n gbà á sínú òye tiwọn. Ìlú tí ó ń pe ara rẹ̀ ní ìlú Ògún kò gbọ́dọ̀ dákẹ́ nígbà tí a bá ń fi iṣẹ́ irin tí ó tóbi jù lọ nínú ìtàn wa sínú iná ìyọ́rin.

Ọ̀ràn kẹta ni ti àwọn òṣìṣẹ́. Èédú tí ẹ́ńjìnì wọ̀nyí ń jẹ, láti Enugu ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá lẹ́yìn tí a bẹ̀rẹ̀ sí wà á ní nǹkan bí 1915. Ní 18 November 1949, àwọn ọlọ́pàá tí òyìnbó ń darí yìnbọn pa awakùsà 21 ní Iva Valley, nítorí pé wọ́n béèrè ẹ̀tọ́ wọn. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1945, Michael Imoudu àti àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wà ní iwájú nínú ìyanṣẹ́lódì ńlá tí ó ju ọjọ́ 40 lọ, èyí tí òṣìṣẹ́ tí ó ju 30,000 lọ kópa nínú rẹ̀. Hubert Ogunde gbé ọ̀ràn náà sórí ìtàgé nínú eré rẹ̀ tí ó pè ní Strike and Hunger, ìjọba òyìnbó sì fìyà jẹ ẹ́ nítorí rẹ̀ ní Jos. Àwọn tí ó ń sọ pé ẹ́ńjìnì àtijọ́ jẹ́ ohun ìrántí òyìnbó nìkan, irú wọn kò mọ ìtàn. Òyìnbó ni ó rà á, ṣùgbọ́n owó orí àti owó ọjà wa ni a fi san án. Òyìnbó ni ó yàwòrán ọ̀nà, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn wa ni ó gé igbó, tí ó ru òkúta, tí ó wa ọkọ̀, tí ó sì jà fún owó oṣù. Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a ti kọ́ bí òṣìṣẹ́ ti ń para pọ̀ bá aláṣẹ sọ̀rọ̀ ni ọgbà rélùwéè. Apá kan nínú ìjà òmìnira wa ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí nǹkan ti rí nísinsìnyí. Ní 10 June 2021 ni a ṣí ọ̀nà ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 157. Inú wa dùn sí i, ó sì tún dùn mọ́ wa pé orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni a fi sọ ibùdókọ̀ tí ó wà ní Mọ́níyà. Ṣùgbọ́n kí gbogbo ènìyàn mọ ohun kan. Ojú irin àtijọ́ fẹ̀ ní mílímítà 1,067, tí í ṣe ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀. Ti tuntun fẹ̀ ní mílímítà 1,435. Èyí túmọ̀ sí pé ọkọ̀ àtijọ́ kò lè gba orí irin tuntun. Bí ọ̀nà tuntun bá ti ń gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà àtijọ́ yóò máa di aláìníṣẹ́, pẹ̀lú àwọn ilé ẹ́ńjìnì, àwọn ìkòkò omi, àwọn afárá àyípo àti gbogbo ohun tí ó wà létí rẹ̀. Irin ní iye lórí lójú àwọn tí ń ra irin àlòkù. Àwọn olè pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí lọ́pọ̀ ìgbà ni a ti mú wọn níbi tí wọ́n ti ń tú ojú irin lóru. Ohun tí olè kò bá rí kó, bí àwọn aláṣẹ bá fi ìkánjú pa ilẹ̀ mọ́, wọn yóò tà á tán. Kò sì sí owó tí a fi ń ra àtijọ́ padà.

Àwọn kan ti fi hàn pé a lè ṣe ohun tí ó dára. Ẹgbẹ́ Legacy, tí a dá sílẹ̀ ní 1995 láti máa dáàbò bo àwọn ilé àti ohun àtijọ́, mú ilé kan ní ọgbà rélùwéè Èbúté Mẹ́ta tí a kọ́ ní 1898, tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wó, wọ́n sì tún un ṣe. Jaekel House ni a ń pè é, láti fi rántí Francis Jaekel tí ó ṣiṣẹ́ rélùwéè, tí ó sì kọ ìtàn rẹ̀. Láti 2010 ni àtúnṣe náà ti parí, àwòrán àti ohun èlò rélùwéè àtijọ́ sì wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò. A kí wọn kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ilé kan ní Èkó kò tó fún ọ̀nà tí ó gba àárín gbogbo orílẹ̀-èdè kọjá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé òfin nìkan tó. Ilé Ìlọ́jọ̀ ní Èkó, tí àwọn tí ó ti Brazil padà kọ́, ni ìjọba kéde ní 1956 pé ó jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ọgọ́ta ọdún ni ìkéde náà fi wà nínú ìwé. Ní September 2016, a wó ilé náà lulẹ̀. Òfin wà, ilé kò sí. Ohun tí ó ń dáàbò bo ohun àtijọ́ ni pé kí àwọn ènìyàn tí ó wà ní àyíká rẹ̀ mọ iye rẹ̀, kí wọ́n sì lè pariwo kí kátàpílà tó dé.

Àpẹẹrẹ tí ó wù wá jù kò wá láti ìlú òyìnbó rárá. Sierra Leone ni ó ti wá, orílẹ̀-èdè tí owó rẹ̀ kò tó tiwa. Ọdún 1896 kan náà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ni iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ ní Freetown. Ní 1974 ìjọba ibẹ̀ pa ojú irin wọn tì pátápátá. Ní 1975, àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan láti Wales wá ra ẹ́ńjìnì kan àti kóòṣì mẹ́rin, wọ́n sì kó wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń gbé èrò afẹ́ ní ìlú wọn. Àwọn tí ó kù wà nínú ilé iṣẹ́ àtijọ́ ní Cline Town. Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ó sì jà títí di 2002. Àwọn tí ogun lé kúrò nílé wá forí pamọ́ sí àyíká ibẹ̀. Síbẹ̀, a kò kó àwọn ẹ́ńjìnì náà tà. Ní 2004, ọ̀gágun Bíríkó kan tí ó wà níbẹ̀ láti kọ́ àwọn ọmọ ogun, Steve Davies, rí wọn lábẹ́ eruku, títí kan kóòṣì tí a ṣe fún ìbẹ̀wò Ọbabìnrin Elizabeth ní 1961. Àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ náà fi ọwọ́ ara wọn fọ ìpẹtà, wọ́n kun wọ́n ní ọ̀dà, ní 2005 sì ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè ti Sierra Leone ṣí ilẹ̀kùn. Bí orílẹ̀-èdè tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ tán níbẹ̀ bá lè ṣe èyí, àwíjàre wo ni ó kù fún Nàìjíríà? Kenya ti ní tirẹ̀ ní Nairobi láti 1971, Zimbabwe ti ní tirẹ̀ ní Bulawayo láti 1972.

Èkìtì fúnra rẹ̀ mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí ohun tó dára kúrò nílé. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ọ̀gá nínú gbogbo agbẹ́gilére, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Ó gbẹ́ ọba sórí ìtẹ́ àti òyìnbó tí a gbé sínú àkéte, tí ó wá kí i. Ní 1924 a gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley nítòsí London. Àwọn òyìnbó rí i, wọn kò sì fẹ́ kí ó padà wá mọ́. Ògògà kò tà á. Ó gbà kí a fi ìtẹ́ tí a ṣe ní ìlú òyìnbó pààrọ̀ rẹ̀. Títí di òní, inú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní London ni ilẹ̀kùn náà wà. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tí ó bá fẹ́ fi ojú rí i yóò tọrọ ìwé ìrìnnà. A kò dá ọba náà lẹ́bi, nítorí ìgbà tirẹ̀ ni ó fi wò ó. Àwa tí a mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti parí ni a kò ní àwíjàre bí a bá tún un ṣe.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ, a kò sì fojú tín-ín-rín ọ̀rọ̀ wọn. Wọn yóò ní ebi ń pa ará ìlú. Wọn yóò ní ọ̀nà mọ́tò tí ó wọ àwọn ìlú wa kò dára. Wọn yóò ní ilé ìwé kan kò ní àga, ilé ìwòsàn kan kò ní oògùn. Wọn yóò sì bi wá pé, Èkìtì tí kò rí ọkọ̀ ojú irin alààyè gùn, kí ni yóò fi òkú rẹ̀ ṣe? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ìdáhùn wa pín sí ọ̀nà mẹ́ta.

Èkínní, ohun tí a ń béèrè kò gba owó ńlá ní ìbẹ̀rẹ̀. Láti kọ iye ohun tí ó kù sínú ìwé, láti ya àwòrán wọn, àti láti pàṣẹ pé kí a má ṣe tà wọ́n, ìwé àti ìfẹ́ ni ó gbà. Èkejì, ẹni tí kò mọ bí a ti ṣe gba ojú irin àkọ́kọ́ kò lè mọ bí a ti ń béèrè fún èkejì. A ti ń gbọ́ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ pé ẹ̀ka kan yóò ya láti Òṣogbo wá sí Adó-Èkìtì. Àwọn tí yóò jà fún ẹ̀ka náà ní láti lè sọ fún ìjọba pé láti 1907 ni àwọn ènìyàn wa ti ń rìn lọ bá ọkọ̀ ojú irin ní Òṣogbo, pé ó sì ti pé kí ọkọ̀ náà wá bá àwa náà nílé. Ìtàn ni ẹ̀rí wa. Ẹ̀kẹta, ibi tí a bá ti tọ́jú ohun àtijọ́ dáadáa, àwọn ènìyàn ń lọ wò ó, wọ́n ń náwó níbẹ̀, ọmọ ìlú sì ń ríṣẹ́ ṣe. Ìtọ́jú ohun àtijọ́ kò gba oúnjẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Òfin pàápàá ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀. Títí di 2023, ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ó ní àṣẹ lórí ojú irin. Ní March ọdún náà, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè tí ó fún àwọn ìpínlẹ̀ náà ní àyè láti ṣe òfin lórí rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń fi ọkọ̀ ojú irin tirẹ̀ gbé èrò láti September 2023. Bákan náà, ìwé òfin kò sọ pé ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ó lè dáàbò bo ohun ìrántí: èyí tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ kò bá tíì yàn gẹ́gẹ́ bí ti orílẹ̀-èdè, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ lè ṣòfin lé e lórí. Nítorí náà, kí gómìnà kankan ní ilẹ̀ Yorùbá má ṣe sọ fún wa pé ọwọ́ òun kò tó o.

Ohun tí àwa ń béèrè nìyí. Kí Àjọ Rélùwéè Nàìjíríà àti àjọ tí ń tọ́jú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè jókòó papọ̀, kí wọ́n ka gbogbo ẹ́ńjìnì eléèédú, gbogbo kóòṣì àtijọ́ àti gbogbo afárá àyípo tí ó kù láti Èkó dé Jẹ́bà, kí wọ́n sì tẹ ìwé náà jáde fún gbogbo ayé láti kà. Títí ìwé náà yóò fi jáde, kí a má ṣe ta ìkankan. Kí a fi ojú pàtàkì wo àwọn afárá àyípo, nítorí a lè gbé ẹ́ńjìnì láti ibì kan lọ sí ibòmíràn, ṣùgbọ́n afárá àyípo jẹ́ kòtò àti ògiri. Ọjọ́ tí a bá da iyẹ̀pẹ̀ dí i ni ó kú. Ibi tí ó bá wà gan-an ni kí a tọ́jú rẹ̀ sí. Kí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti ìwọ̀-oòrùn, nípasẹ̀ àjọ DAWN tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn láti máa ṣe irú iṣẹ́ yìí, fi owó jọ kọ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè kan sí Òṣogbo, kí Ìpínlẹ̀ Èkìtì sì san ìdá tirẹ̀ láìjanpata. Kí a sì wá àwọn àgbà òṣìṣẹ́ rélùwéè tí wọ́n mọ bí a ti ń koná ẹ́ńjìnì, kí a gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lọ. Àwọn tí ó kù kì í ṣe ọmọdé. Ẹ́ńjìnì lè dúró de ìjọba fún ogún ọdún. Wọn kò lè dúró bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa ní Ayédé, ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́, ní Ìdó àti ní gbogbo àyíká, iṣẹ́ kan wà fún yín tí kò ní láti dúró de àṣẹ láti Adó. Ẹ rán àwọn ọmọ ilé ìwé yín lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn bàbá àti ìyá wọn àgbà. Kí wọ́n béèrè pé: ta ni nínú ìdílé wa tí ó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú irin? Ibo ni ó ti wọ̀ ọ́? Ọjọ́ mélòó ni ó fi rìn dé ibẹ̀, kí ni ó sì rù? Kí wọ́n kọ ìdáhùn náà ní èdè Yorùbá tí ó gún régé, pẹ̀lú orúkọ ìlú àti ọdún bí a bá mọ̀ ọ́n. Kí ẹ kó àwọn ìwé náà jọ, kí ẹ sì fi wọ́n pamọ́ sí ibi tí ìkán kò ní dé. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ wà ní Ọ̀yẹ́. Kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ibẹ̀ ràn yín lọ́wọ́. Nígbà tí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé bá dé, kì í ṣe irin nìkan ni yóò wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará Èkìtì náà yóò wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù tí ẹ bá wà, ọ̀rọ̀ wa sí yín kò pọ̀. Gbogbo yín ni ó ń fi orúkọ Awólọ́wọ̀ búra nígbà ìbò. Ní 1955, ìjọba tí Awólọ́wọ̀ ṣe olórí rẹ̀ fi ọmọ tálákà sí ilé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí ó gbà pé ìmọ̀ ni a fi ń kọ́ ìlú. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé e ní òótọ́ kò ní jẹ́ kí a fi ohun tí ọmọ náà lè fi kọ́gbọ́n sínú iná. Nígbà tí àwọn olùdíje bá dé ọ̀dọ̀ yín láti tọrọ ìbò, ẹ bi wọ́n léèrè ọ̀nà mọ́tò, ẹ bi wọ́n léèrè omi, ẹ bi wọ́n léèrè ẹ̀ka ojú irin láti Òṣogbo. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọn yóò ṣe sí àwọn ẹ́ńjìnì àtijọ́. Ẹni tí ó bá rẹ́rìn-ín sí ìbéèrè yín, ẹ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe rẹ́rìn-ín sí ohun mìíràn tí ó bá jẹ́ tiyín.

Àwọn bàbá wa ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ni aṣọ tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ó sì dára lára wa. Ẹ jẹ́ kí a tọ́jú àkísà náà pẹ̀lú. Òun ni yóò fi hàn àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn pé a kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rìn lánàá.